Ejò olóró àkọ́kọ́: copperhead, paramọ́lẹ̀, ọká tàbí cobra, èwo ni kí ẹ rà?

Ball python, ejò aláìlóró, ti ń lọ sí ọdún karùn-ún lọ́wọ́ yín, kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí, ó ń jẹun dáadáa, ojú yín sì ti ń lọ síbi táwọn ejò olóró wà ní ọjà ẹranko afàyàfà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń sin ejò ní Amẹ́ríkà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti gba ọ̀nà yẹn. Ẹni tí owó ti wà lápò rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì san án ni mo kọ èyí fún.

Ejò mẹ́rin ni mo fi wé ara wọn, torí àwọn ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Iye tí ejò jẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí aporó rẹ̀, ìyẹn oògùn tó ń pa oró ejò, wà ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, àti wákàtí mélòó ló máa gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín ní ọsibítù.

| Ejò | Ìwọ̀n | Ohun tí oró rẹ̀ ń ṣe | Ibi tí aporó wà |
|---|---|---|---|
| Copperhead, *Agkistrodon contortrix* | 60 sí 90 sẹ̀ǹtímítà | Ìrora àti wíwú; ikú ṣọ̀wọ́n | Ọ̀pọ̀ ọsibítù ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà |
| Paramọ́lẹ̀, *Bitis arietans* | Bíi mítà kan, ó ki pọ́pọ́ | Wíwú ńlá. Ẹran ara lè kú | Ọgbà ẹranko ńlá |
| Ọká, *Bitis gabonica* | Ó lè ju mítà kan lọ dáadáa, ó wúwo | Oró púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan; ó ń ba ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ jẹ́ | Ọgbà ẹranko ńlá |
| Monocled cobra, *Naja kaouthia* | Bíi mítà kan ààbọ̀ | Ó ń pa iṣan tí a fi ń mí | Bangkok ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọgbà ẹranko díẹ̀ ló ní i |

Aporó

Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, copperhead nìkan ni onílé ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣáájú lójú mi. Ọdún 2000 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí aporó tó ń jẹ́ CroFab, tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ṣe. Anavip, tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ṣe, dé lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà pàjáwìrì ní North Carolina tàbí Virginia ti rí ẹni tí copperhead ṣán rí, ó mọ ohun tó máa ṣe, oògùn náà sì sábà máa ń wà nítòsí.

Ẹ má torí ìyẹn fi í ṣeré. Ọwọ́ lè wú láti ìka títí dé èjìká, ìka náà sì lè lo oṣù mélòó kan kó tó ṣeé ká. Ìgò CroFab mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ìgò kan ṣoṣo sì lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là nínú ìwé owó ọsibítù. Ẹ bá àwọn inṣọ́ọ̀ránsì ìlera yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá ẹni tó ń ta ejò sọ̀rọ̀.

Àlejò ni àwọn mẹ́ta tó kù. Ọsibítù àdúgbò kì í ní aporó wọn. Àwọn ọgbà ẹranko ńlá ló máa ń kó o pamọ́, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn ni wọ́n sì ṣe rà á. Bí cobra bá ṣán yín ní Ohio, dókítà á pe Poison Control, àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí oró, lórí 1-800-222-1222, àwọn yẹn á wo Antivenom Index, àkọsílẹ̀ ibi tí aporó wà, láti mọ ọgbà ẹranko tó ní irú èyí tó bá ejò yín mu, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá mọ́tò tàbí bàálù tó máa gbé e wá. Miami-Dade Fire Rescue, àwọn panápaná ní Florida, náà ní ibi tí wọ́n ń kó aporó sí láti ọdún 1998.

Ní gbogbo àkókò yẹn, oró cobra ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìpéǹpéjú á kọ́kọ́ wálẹ̀, ohùn á yí padà, itọ́ ò ní ṣeé gbé mì mọ́, lẹ́yìn náà èémí á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ẹ̀rọ tó ń báni mí lè gbé ẹ̀mí ró títí aporó á fi dé, bí ẹ bá tètè dé ọsibítù tó ní in. Ẹni tí ọsibítù ńlá jìnnà sí ilé rẹ̀ kò ní ohun tó fẹ́ fi cobra ṣe.

Ìwà wọn nínú àpótí

Ọká ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Á dùbúlẹ̀ sínú ewé gbígbẹ, àwọ̀ ara rẹ̀ á bá ewé náà dọ́gba débi pé ẹ lè máa wò ó kẹ́ ẹ má rí i. Ó lè wà lójú kan fún ọjọ́ mélòó kan. Fídíò pọ̀ níbi tí àwọn kan ti ń fi ọwọ́ lásán kàn án lára, ẹni tó ń wò ó á sì rò pé ejò tútù ni. Eyín oró rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kò sí ejò míì láyé tí eyín rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀, oró tó sì máa tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pọ̀ gan-an. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mò ń bẹ̀rù, torí òun ló ń mú kí olówó ẹ̀ dẹra sílẹ̀.

Paramọ́lẹ̀ kì í fi tirẹ̀ pa mọ́. Á wú, á mí fùù bí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára táyà, bí ẹ kò bá sì kúrò, á ṣán yín kí ojú yín tó rí i. Èyí tó tún yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni abo tí wọ́n mú láti inú igbó, torí ó lè ti lóyún kí wọ́n tó tà á. Paramọ́lẹ̀ kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí, ogún sí ogójì kì í ṣe ohun ìyanu. Abo kan láti Kẹ́ńyà bí ọmọ 156 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọgbà ẹranko kan ní Czech. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní oró láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ẹni tó ra ejò kan lè jí lọ́jọ́ kan kó bá ọgbọ̀n nínú àpótí tí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ gba ejò kéékèèké kọjá.

Cobra ní tirẹ̀ kì í jókòó sójú kan. Ó ń wò yín. Bí ẹ bá fi ìkọ́ irin gbé e, ó lè máa gba ara ìkọ́ náà bọ̀ wá bá ọwọ́ yín. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa gbé ejò tó sanra tí kò yára kò tíì múra fún un.

Omi lásán

Ẹ jẹ́ ká mú pípààrọ̀ omi paramọ́lẹ̀ wò. Inú àpótí ńlá yẹn, àpótí kékeré kan gbọ́dọ̀ wà tí ejò ń sá pamọ́ sí, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì láti ìta. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi ojú yín rí ejò náà nínú rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀, pẹ̀lú ìrù. Ẹ fi irin gígùn ti ilẹ̀kùn náà, ẹ tún un wò bóyá ó ti há. Ìgbà yẹn ni ẹ tó ṣí àpótí ńlá, síbẹ̀ ẹ̀mú gígùn ni kí ẹ fi fa abọ́ omi jáde. Bí ẹ kò bá rí ejò, ẹ má ṣí i. Bí ó bá ti rẹ̀ yín, tàbí ẹ ti mu ọtí, omi náà lè dúró di ọ̀la.

Yàrá náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé tì pa, láìsí àlàfo lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ lẹ orúkọ ejò mọ́ àpótí, pẹ̀lú orúkọ aporó rẹ̀, kí ẹ sì ní ìwé kan náà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ lè gbé lé àwọn tó wá fi áńbúláǹsì gbé yín lọ́wọ́. Bí ó bá ṣán yín, ẹ ti ilẹ̀kùn àpótí, ẹ bọ́ òrùka, ẹ pe 911, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ má fi abẹ gé ojú ibẹ̀, ẹ má fa oró náà lẹ́nu, ẹ má so okùn mọ́ ọn, ẹ má sì wá òkúta dúdú kankan.

Wọ́n á tún fi ejò tí wọ́n ti yọ àpò oró rẹ̀ lọ̀ yín. Ẹ má rà á. Ìwà ìkà ni, àpò náà sì lè tún hù padà.

Òfin

Ní Florida, ẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18, kí ẹ sì ní àkọsílẹ̀ ẹgbẹ̀rún wákàtí tí ẹ ti fi ṣiṣẹ́ pẹ̀lú irú ejò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fún yín ní láísẹ́ńsì. Mo fara mọ́ òfin yẹn. Georgia kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ejò olóró ilẹ̀ òkèèrè ṣe ohun ọ̀sìn. North Carolina ní kí àpótí ní kọ́kọ́rọ́ àti àkọlé, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí lójú ẹsẹ̀ bí ejò bá sọnù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, zebra cobra kan, irú èyí tó ń tu oró síni lójú, jáde sí ìloro ilé kan ní Raleigh. Ó ti pẹ́ lóṣù mélòó kan tó ti sọnù, ẹni tó ni ín kò sì sọ. Àwọn aládùúgbò tó lọ́mọ ń fi ìbẹ̀rù jáde nílé títí wọ́n fi mú un.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dangerous Wild Animals Act ti ọdún 1976 ló de gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kánsù ló ń fúnni láṣẹ, dókítà ẹranko á wá wo ilé, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní inṣọ́ọ̀ránsì nítorí àwọn ẹlòmíì. Ẹni tó bá háyà ilé, kó kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá. Aporó EchiTAb-Plus-ICP, tí wọ́n ń ṣe ní Costa Rica fún wa, ń ṣiṣẹ́ fún paramọ́lẹ̀, sèbé tó ń tu oró, àti *Echis ocellatus*, ejò tí wọ́n ń pè ní carpet viper. Àwọn àgbẹ̀ tí ejò ń ṣán lóko kò rí i tó, ibi bíi ọsibítù Kaltungo ní Gombe ló sì yẹ kó máa lọ.

Èyí tí mo lè fọwọ́ sí

Bó bá jẹ́ ìlà oòrùn Amẹ́ríkà lẹ ń gbé, tí òfin gbà, tí kò sí ọmọdé nílé: copperhead tí wọ́n bí sínú àpótí, kì í ṣe èyí tí wọ́n mú nínú igbó. Paramọ́lẹ̀ lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọká lẹ́yìn ìyẹn. Cobra kì í ṣe ti ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú gbogbo rẹ̀, ẹ fi ọdún kan gbáko máa ṣe ejò aláìlóró tó wà lọ́wọ́ yín bí olóró: ìkọ́ irin nìkan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí ọwọ́ yín bá gbàgbé tó wọnú àpótí, ẹ bẹ̀rẹ̀ ọdún náà lákọ̀tun.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó kan àwa tí a máa ń lọ sílé. Bí òkú bá ṣẹ̀ ní Ìbàdàn tí ẹ ní láti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ejò lè máà jẹun, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mu omi, ooru àpótí rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kú. Aládùúgbò kò lè ṣe é, ìyàwó tàbí ọkọ tí kò kọ́ ọ kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Ẹni tó ní àṣẹ, tó mọ irú ejò náà, tó sì ti gbà ní ojúkojú pé òun á wá ni ẹ nílò. Bí ẹ kò bá tíì rí ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì sanwó.