Mítà Dwell Alábẹ́rẹ́: Irinṣẹ́ fún Ọkọ̀ Àtijọ́ tí Kọ́ńtáàkì Ń Darí Iná Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ṣì ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ tí kọ́ńtáàkì (ẹnu irin kékeré méjì tí ń pàdé tí ó sì ń yà) ń darí iná rẹ̀ mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà kú lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni ó máa ń rẹ̀ ẹ́, tí yóò máa wúkọ́, tí yóò máa jẹ epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí kò sì ní fẹ́ gbéra láàárọ̀. Irinṣẹ́ tí mo rò pé ó yẹ kí onítọ̀hún ní kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra pààtì ni mítà dwell alábẹ́rẹ́, èyí tí ń fi hàn bí ẹnu kọ́ńtáàkì ṣe ń pàdé pẹ́ tó, tí ó sì ní wáyà méjì àti suwíìṣì tí a fi ń yan iye sìlíńdà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó, mo sì fẹ́ sọ ibi tí ó dára dé àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Láti ìgbà tí ètò iná tí Charles Kettering ṣe ti wọ inú ọkọ̀ Cadillac ọdún 1912, ọ̀nà kan náà ni kọ́ńtáàkì ń gbà ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì bá pàdé, iná bátìrì yóò máa gba inú kọ́ìlì (wáyà wíwé tí ń sọ iná bátìrì di alágbára) kọjá. Nígbà tí kámù (irin oníkùkù tí ń yí nínú dísítíríbútọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì) bá yà wọ́n, iná náà yóò já, kọ́ìlì yóò sì ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì jáde láti ta pàrà lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Dwell ni iye digíríì tí kámù fi ń yí nígbà tí ẹnu méjèèjì ṣì pàdé. Nínú ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin, digíríì 90 ni ìpín sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 60 nínú olómẹ́fà, àti 45 nínú olómẹ́jọ. Bí ìpàdé yìí bá kúrú jù nínú ìpín náà, kọ́ìlì kò ní rí iná gbà tó, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa kọsẹ̀ nígbà tí ó bá ń sáré; bí ó bá gùn jù, kọ́ńtáàkì kò ní là tó, ẹnu rẹ̀ yóò sì tètè jó.

Fílà géèjì, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a fi ń wọn àlàfo láàárín ẹnu kọ́ńtáàkì, ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fi ń to kọ́ńtáàkì, kò sì burú fún kọ́ńtáàkì tuntun. Fún Volkswagen Beetle, milimítà 0.4 ni àlàfo náà, èyí tí ó máa ń bọ́ sí nǹkan bí digíríì 50 lójú mítà. Ṣùgbọ́n kọ́ńtáàkì tí ó ti ṣiṣẹ́ máa ń yọ òkìtì ní ẹnu kan, kí ó sì gbẹ́ kòtò sí ẹnu kejì, nítorí náà fífi irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo rẹ̀ dà bí kí ènìyàn na igi gbọọrọ sórí kòtò kí ó sì ní òun ti mọ bí ó ṣe jìn tó. Mítà dwell kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé ìgbà tí iná ń kọjá gan-an ni ó ń kà. Bí digíríì bá kéré sí èyí tí ìwé ọkọ̀ sọ, àlàfo ti fẹ̀ jù. Bí ó bá pọ̀ jù, àlàfo ti há. Níwọ̀n bí yíyí àlàfo padà ti ń yí táímìǹgì (àkókò tí púlọ́ọ̀gì ń ta iná) padà, kọ́ńtáàkì ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe, kí a tó fọwọ́ kan táímìǹgì.

Ibi tí mo ti fẹ́ràn alábẹ́rẹ́ ju mítà onínọ́ńbà lọ nìyí: nínú ọ̀pọ̀ dísítíríbútọ̀, bí a bá tẹ epo díẹ̀, kò yẹ kí dwell fi ju nǹkan bí digíríì mẹ́ta kúrò níbi tí ó wà. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gbọ̀n tàbí tí ó ń rìn síwá sẹ́yìn, irin ìyíra dísítíríbútọ̀ tàbí búṣì rẹ̀ ti jẹ, kò sì sí kọ́ńtáàkì tuntun tí yóò wo irú àrùn bẹ́ẹ̀ sàn. Nọ́ńbà tó ń fò kì í fi ìgbọ̀nrìrì yìí hàn kedere.

Àmọ́ mítà yìí kò lè dá ṣe gbogbo iṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ láti gbéra rárá, tẹ́sítà onígílóòbù ló yá ju òun lọ. Ẹ so ó mọ́ orí négétíìfù kọ́ìlì àti ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́. Ó gbọ́dọ̀ máa tàn kí ó máa kú bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí. Bí ó bá tàn síbẹ̀ láìkú, kọ́ńtáàkì kò pàdé tàbí ẹnu rẹ̀ ti dọ̀tí. Bí kò bá tàn rárá, iná kò dé ibẹ̀ tàbí wáyà kan ti kan ara ẹ́ńjìnnì. Mítà náà kò sì lè dá kọndẹ́ńsà (ohun kékeré tí kì í jẹ́ kí iná ta láàárín ẹnu kọ́ńtáàkì) tó ti bàjẹ́ mọ̀. Ẹnu kọ́ńtáàkì tí ó tètè dúdú, pẹ̀lú iná pupa rẹ́súrẹ́sú tí ń ta láàárín rẹ̀, ni yóò tú àṣírí èyí. Ti kọ́ìlì, mọ́tímítà ni yóò fi í hàn, nítorí pé nǹkan bí ohm 3 ni ó yẹ kí ọ̀pọ̀ kọ́ìlì tí kò lo bálásítì (rẹ́sísítọ̀ tí ń dín iná tí ń wọ kọ́ìlì kù) ní láàárín orí rẹ̀ méjèèjì, àti nǹkan bí ohm 1.5 fún èyí tí ó lò ó.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, ẹ wò ó dáadáa bóyá ó ní ìlà fún iye sìlíńdà ọkọ̀ yín. Bí ẹ bá rí alòkù tí ó dára tí kò ní ìlà olómẹ́rin, ẹ má fi sílẹ̀ nítorí ìyẹn; ẹ kà á lórí ìlà olómẹ́jọ kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.