Ẹ ṣọ́ra o, pánẹ́ẹ̀lì op-amp tí wọ́n ní ó ń gba iná lára préámpù èyíkéyìí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn préámpù àtijọ́ (ẹ̀rọ tí ohùn ń gbà kọjá kó tó dé ámpù ńlá), ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fẹ́nikẹ́ni. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ta pánẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n fi op-amp (chip kékeré tó ń mú ohùn lágbára sí i) ṣe, òmíì fún hẹ́dìfóònù, òmíì fún àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, òmíì fún báàsì àti tírẹ́bù, wáyà pupa kan, dúdú kan, nígbà míì búlúù kan, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ṣáà jó o mọ́ ibi tí iná wà nínú préámpù yín, pé kò sí préámpù tí kò bá a mu. Irọ́ gbuu ni. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé nǹkan téèyàn ti tọ́jú láti ogójì ọdún ni wọ́n ń bà jẹ́.

Ọ̀kan wà lórí tábìlì mi báyìí, ẹni tó rà á ló gbé e wá pẹ̀lú préámpù ẹ̀. Iná préámpù yẹn jẹ́ +30V àti -30V, ìyẹn 60V láti ìkángun kan dé ìkejì. Wọ́n kọ NE5532 sórí chip náà, NE5532 ojúlówó ò sì gbọ́dọ̀ rí ju ±22V lọ, ìyẹn 44V lápapọ̀, ti àwọn op-amp míì bíi TL072 àti OPA2134 tiẹ̀ kéré sí i, 36V ni tiwọn mọ. Ẹ wá wo ohun tí oníṣòwò yìí fi sáàárín iná àti chip: rẹ̀sístọ̀ 100 ohm méjì péré! Kò sí régúlétọ̀ (ohun tó ń mú fólítì dúró sójú kan), kò sí zener (dáódù tí kì í jẹ́ kí fólítì kọjá iye kan). Nǹkan bíi 8 mA (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) ni NE5532 ń jẹ, 100 ohm ò sì lè gbà ju 0.8V lọ lọ́wọ́ ẹ̀, nítorí náà ó ju 58V lọ tó ń wọ inú chip. Ó jó ni. Àwọn rẹ̀sístọ̀ dúdú bí èédú, ojú ìjáde chip sì lẹ̀ mọ́ ìhà kan iná, kò sì sí kapásítọ̀ kankan lójú ìjáde yẹn láti dí DC (iná tó ń ṣàn sí ìhà kan ṣoṣo), nítorí náà bí ámpù ńlá yín bá jẹ́ irú èyí tó ń jẹ́ kí DC kọjá, spíkà ló kàn.

Nígbà tí ẹni tó rà á kọ̀wé sí oníṣòwò náà, oníṣòwò náà ní "ọ̀gá mi, préámpù yín ló ti gbó, kapásítọ̀ ẹ̀ ti gbẹ." Òótọ́ ni pé kapásítọ̀ àtijọ́ máa ń gbẹ, ṣùgbọ́n èyí tó gbẹ máa ń jẹ́ kó máa hùn ni, kì í sọ 30V di ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi mítà wọn ọ́n, 30V náà ló wà níbẹ̀, bó ṣe wà nínú ìwé préámpù yẹn gẹ́lẹ́. Bí a ṣe fi fọ́tò mítà ránṣẹ́ báyìí, ó dí wá lọ́nà, a ò rí i mọ́.

Chip náà tún ń kọ́, ayédèrú ni. Oníṣòwò náà ti fi òmíì tí kò tíì jó ṣe èènì, ìyẹn ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi òwú tí mo rì sínú acetone nu orí ẹ̀, ọ̀dà dúdú ń bọ́ sí òwú lára, ìlà ibi tí wọ́n ti fi sandpaper ha á sì yọ lábẹ́ ẹ̀. Ẹ tún lè fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó jó o mọ́ ohunkóhun: NE5532 ní dáódù méjì tó kọjú síra láàárín ẹsẹ̀ kejì àti ẹsẹ̀ kẹta, torí náà tẹ́ ẹ bá gbé mítà sí ibi dáódù, ó yẹ kó fi nǹkan bíi 0.6V hàn lápá méjèèjì. Tiwa yìí ò fi nǹkan kan hàn. Tẹ́ ẹ bá sì gbé e síná ±15V tí ohun tó ń jẹ kéré gan-an sí 8 mA, ẹ fura.

Èyí tó ní régúlétọ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ sàn. Mo rí kan tó fi 7815 (régúlétọ̀ +15V) àti 7915 (régúlétọ̀ -15V) sí i ní ọ̀nà kan náà, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ wọn ò jọra, ti 7815 ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ niná ń gbà wọlé, ti 7915 ẹsẹ̀ àárín ni. 7815 náà ò sì gbọ́dọ̀ gba ju 35V lọ.

Àwọn préámpù tó jẹ́ pé iná kan ṣoṣo ló ní, bíi +24V, wọ́n ń ta tiwọn náà, wọ́n á ní "single or dual," ìyẹn iná kan tàbí méjì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé níbo ni ìdajì iná ti ń wá, torí op-amp nílò ìdajì yẹn, rẹ̀sístọ̀ 10k méjì àti kapásítọ̀ kan ló ń ṣe é, pẹ̀lú kapásítọ̀ lójú ìwọlé àti ìjáde. Tí wọ́n bá so ẹsẹ̀ kẹta mọ́ áàtì lásán, ìdajì orin yín ló máa gé dànù. Ti oníválífù, ẹ má tiẹ̀ dán an wò rárá, ọgọ́rùn-ún mélòó kan fólítì ló wà níbẹ̀, ó lè pààyàn.

Ẹni tó bá ń tajà gidi á fún yín ní àwòrán sákíìtì ẹ̀, á sọ iye mA tó ń jẹ, á sọ iye fólítì tó pọ̀ jù tó lè wọlé, á ya fọ́tò ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá ní "ẹ má ṣèyọnu, ó máa ṣiṣẹ́," ẹ fi í sílẹ̀. Fún préámpù ±30V, zener 15V àti rẹ̀sístọ̀ 1k tó jẹ́ ½ watt ní ìhà kọ̀ọ̀kan ti tó fún op-amp kan, ẹ fi kapásítọ̀ 100 nF sún mọ́ ẹsẹ̀ chip dáadáa, kò wọ́nwó, kò le.

Ẹ má fi owó ránṣẹ́ tààrà sí i, ọ̀nà tẹ́ ẹ fi lè gba owó yín padà ni kẹ́ ẹ gbà. Oníṣòwò tí mò ń sọ yìí máa ń yí orúkọ ẹ̀ padà, mo ti rí i lábẹ́ orúkọ míì, ṣùgbọ́n fọ́tò ọjà ẹ̀ ò yí padà: pánẹ́ẹ̀lì àwọ̀ ewé, igun ẹ̀ kan ti jó díẹ̀, wáyà búlúù wà lápá òsì. Tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò yẹn, òun náà ni.