Àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn tí a gbà láti wo ohun tí dáàmù wa lè ṣe sí àwọn ẹranko tí ń parun

Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ omi ìlú wa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, èmi ni mo sì ń bá ilé-iṣẹ́ tí a gbé iṣẹ́ yìí fún kọ lẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Odò tí ó gba ẹ̀yìn ìlú wọ inú igbó ni a fẹ́ sé, kí omi lè máa dé ojúlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 lórí ìgbéléwọ̀n ipa iṣẹ́ lórí àyíká sọ ìgbéléwọ̀n di dandan fún dáàmù tí adágún rẹ̀ bá tó 200 hẹ́kítà. Tiwa kò sún mọ́ ọn rárá, ṣùgbọ́n àwọn tí yóò fi owó ràn wá lọ́wọ́ ní àwọn kò ní yọ kọ́bọ̀ sílẹ̀ àfi bí a bá kọ́kọ́ mú ìwé wá lórí àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu àparun.

Àbọ̀ àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà kó wá kò dára. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n lò nínú igbó, wọ́n sì ti wà nínú ọkọ̀ kí aago mẹ́ta tó lù. Ohun tí ó kún inú ìwé náà ni àwọn orúkọ tí wọ́n dà kọ láti inú àkójọ IUCN, àjọ àgbáyé tí ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu àparun: ìnàkí, odídẹrẹ́, igún, àti gbogbo ohun tí àwòrán ilẹ̀ bá ti sọ pé ó lè wà ní agbègbè wa. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn kò rí i, nítorí náà kò sí ìṣòro. Ẹni tí ó wọ igbó ní ọ̀sán gangan láti wá ẹranko tí ń rìn lóru, kí ni ó fẹ́ rí?

Mo dá a padà, mo sì fi ọ̀rọ̀ Kihansi sínú lẹ́tà mi. Kihansi jẹ́ odò kan ní Tanzania tí wọ́n sé fún iná mànàmáná. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí àwọn onímọ̀ tó rí ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan níbẹ̀ ní 1996, tí kì í yé ẹyin bí kò ṣe pé ó ń bí ọmọ, tí kò sì sí níbòmíràn láyé ju ìwọ̀nba ilẹ̀ tí ìkùukùu omi ń rin ní ẹsẹ̀ àpáta tí odò náà ti ń já bọ́. Nígbà tí wọ́n darí èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi náà gba ibòmíràn ní 2000, ìkùukùu náà dáwọ́ dúró. Wọ́n ri páìpù tí ń fọ́n omi síbẹ̀, wọ́n sì kó 499 nínú àwọn ọ̀pọ̀lọ́ náà lọ sí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àrùn olú, irú èyí tí ń ba awọ ara ọ̀pọ̀lọ́ jẹ́, tún dé bá àwọn tí ó kù, nígbà tí ó sì di 2009, IUCN kéde pé kò sí i mọ́ nínú igbó. Láti 2012 ni wọ́n ti ń dá àwọn tí wọ́n sìn padà síbẹ̀. Mo bi ilé-iṣẹ́ wa pé, bí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú odò wa, ibo nínú ìwé wọn ni a ó ti rí i?

Mo gbọ́dọ̀ yìn wọ́n pé wọn kò bínú. Arábìnrin kan tí ó jẹ́ onímọ̀ ẹranko ni wọ́n rán wá lẹ́ẹ̀kejì, ó sì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ wa. Ẹgbẹ́ ọdẹ ni ó kọ́kọ́ lọ bá. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan bi wọ́n bóyá pangolin wà nínú igbó náà, gbogbo wọn sì dáhùn pé kò sí ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Bí wọ́n ti kọ ọ́ sínú àbọ̀ àkọ́kọ́ náà nìyẹn. Arábìnrin náà fa àwòrán yọ. Bàbá olórí ọdẹ wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé akika lẹ ń wí láti àárọ̀?” Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti mú un dé ìdí igi mẹ́ta tí inú wọn ti ní ihò, tí akika máa ń sùn sí. Wọ́n de kámẹ́rà mọ́ igi nítòsí, kò sì pé oṣù kan tí àwòrán akika fi jáde lóru, ní ìdí igi tí adágún wa ìbá bò mọ́lẹ̀. Nítorí èyí ni a ṣe gbé ojú dáàmù náà sókè, sí ibi tí àfonífojì ti fún. Nínú gbogbo owó tí a san, ti ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn nìkan ni kò dùn mí.

Ìsàlẹ̀ odò ni a ti jà. Wọ́n kọ púpọ̀ nípa ilẹ̀ tí omi yóò bò, ṣùgbọ́n ojú-ewé kan péré ni wọ́n kọ nípa ibi tí omi yóò ti fà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ti Kihansi ti bàjẹ́. Oṣù kẹsàn-án, nígbà tí odò kún dé etí, ni wọ́n wọn ìṣàn omi, wọ́n sì ní ohun tí yóò kù yóò tó. Ní oṣù kejì, ọmọdé lè gba odò wa kọjá kí omi má kan orúnkún rẹ̀. Àwọn ìyá tí ń pẹja sọ fún wọn pé òjò àkọ́rọ̀ ni àrọ̀ ń dúró dè kí ó tó wọ inú koríko etí odò lọ yé ẹyin. Wọ́n ní àrọ̀ kò sí nínú ewu. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ti kọ ọ́ pé àwọn rí ipa ẹsẹ̀ ọ̀nì kékeré inú igbó, èyí tí IUCN kà mọ́ àwọn tí ewu dojú kọ, ní apá ìsàlẹ̀ yẹn kan náà. Ẹja, akàn àti ọ̀pọ̀lọ́ ni ọ̀nì náà ń jẹ. Wọn kò so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ títí mo fi fi ìlà pupa sábẹ́ wọn.

Wọ́n padà wá ní oṣù kejì láìgba owó kún un, wọ́n tún omi wọ̀n, wọ́n sì kọ iye tí a gbọ́dọ̀ máa jẹ́ kí ó ṣàn jáde láti ìdí dáàmù lójoojúmọ́, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Iye náà dín omi tí ìlú yóò máa rí gbà kù, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ kò sì tíì dárí jì mí.

Bí mo bá ní láti fún wọn ní máàkì, mẹ́ta nínú márùn-ún ni: ọ̀kan fún àbọ̀ àkọ́kọ́, mẹ́rin fún èyí tí ó gbẹ̀yìn. Mo lè tún pè wọ́n, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn yóò sọ ọ́ kedere pé wọ́n gbọ́dọ̀ wá lójò, kí wọ́n wá lẹ́ẹ̀rùn, pé orúkọ Yorùbá ẹranko kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán rẹ̀ kí wọ́n tó bi ọdẹ kankan léèrè, àti pé a kò ní san ìdajì owó tí ó kù títí a ó fi ka ohun tí wọ́n kọ nípa ìsàlẹ̀ odò.