Ìrẹsì dúdú Haiti: odidi olú àbí èyí tí wọ́n lọ̀?

Olú kékeré kan tó ń hù ní àríwá Haiti ló ń pa diri djon djon, ìyẹn ìrẹsì dúdú Haiti, láró. Kò sí ohun mìíràn tó ń fún un ní àwọ̀ dúdú yẹn.

Bó bá jẹ́ odidi olú gbígbẹ lo rà, omi gbígbóná ni wàá rẹ ẹ́ sí, ó kéré tán fún 30 ìṣẹ́jú. Wàá máa wò ó bí omi náà ṣe ń ṣú, títí yóò fi dà bí omi inú ìkòkò aláró. Sẹ́ ẹ dáadáa, kí o da pàǹtí rẹ̀ nù, torí igi olú yẹn le bí okùn. Omi yẹn lo máa fi se ìrẹsì, lẹ́yìn tí o bá ti din àlùbọ́sà, áyù àti ewé olóòórùn. Fi kànáfùrù díẹ̀ sí i, kí o gbé odidi ata rodo kan lé e lórí. Má jẹ́ kó bẹ́ o!

Èyí tí wọ́n lọ̀ yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣíbí kan tàbí méjì, ó parí. Àmọ́ mo dà á sínú ìkòkò tààrà nígbà kan, ẹnu mi wá rí bí ẹnu ẹni tó jẹ iyanrìn. Láti ìgbà yẹn, aṣọ funfun ni mo fi ń sẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ pé màá ṣì sẹ́ ẹ náà, kí wá ni mo jèrè?

Fún àlejò, odidi ni tèmi. Ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ gbé ìyẹ̀fun wá.