Ẹ ṣọ́ra fún onímáàpù àtijọ́ tó ń kiri ní Òṣogbo

Ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń ra nǹkan àtijọ́ ní Òṣogbo níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó máàpù fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti gba ₦185,000 lọ́wọ́ mi. Ìtìjú rẹ̀ tiẹ̀ ju owó náà lọ, nítorí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì.

Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá orúkọ tó sọ fún mi ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọgbọ́n tó ń dá ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí orúkọ lè yí, nọ́ńbà fóònù lè yí, ọgbọ́n kì í tètè yí.

Ojúlówó ló kọ́kọ́ tà fún mi. Ibẹ̀ gan-an ló ti mú mi. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún Ọ̀ṣun wọlé nígbà tó mú ojú ìwé kan wá, tí wọ́n já láti inú ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, àwòrán ogun Ìjẹ̀bú ti 1892. Bébà rẹ̀ ti pọ́n, etí rẹ̀ ti ń rún, ìròyìn mìíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. ₦12,000 péré. Mo fi han ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tẹ̀wé ní Òkè-Fíà, ó ní kò sí wàhálà níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fọkàn tán an. Ẹ ò rí i pé ₦12,000 yẹn ni ìjẹ, èmi ni ẹja.

Kò pẹ́ sí i ló pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kan, tó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ogun ìlú yín ti bọ́ sí mi lọ́wọ́." Ó ní máàpù tí wọ́n fín sára bàbà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni, ogun Òṣogbo, 1840, pé ọ̀gágun òyìnbó kan tí ogun náà ṣojú rẹ̀ ló yà á. Ó ní òyìnbó kan ń bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ Jímọ̀ láti wá gbé e, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ kó kúrò nílùú. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki Òṣogbo fún mi lórí fóònù: Òròkí asálà, ìlú aró. Orí mi wú. Mo fi ₦100,000 ránṣẹ́ kí n tó fojú kan nǹkan ọ̀hún, mo sì san ìyókù nígbà tó gbé e délé fún mi nínú férémù, dígí lójú rẹ̀, tépù yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká.

Oṣù kan gbáko ló fi wà lára ògiri pálọ̀ mi. Àlejò mẹ́ta ni mo fi yangàn fún. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló dúró níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, ló ní, "Bàbá àgbà, kí ni ìlà tó dà bí àkàbà yìí?" Mo ní reluwé ni. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ara mi tutù.

Ọdún 1907 ni reluwé dé Òṣogbo! Àdúgbò Station Road ni mo dàgbà sí, fèrè ọkọ̀ ojú irin ló ń jí wa láàárọ̀. Èmi tí mo ti kọ ọdún yẹn sójú pátákó fún àìmọye ọmọ ni mo ń wo reluwé nínú ogun 1840 lójoojúmọ́ tí mo ń mu tíì.

Nígbà tí ojú mi wá là, kò sí ibi tí mo wò tí irọ́ ò sí. Wọ́n kọ "Nigeria" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 1897 ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì, dábàá orúkọ yẹn nínú ìwé ìròyìn The Times. Wọ́n kọ orúkọ ìlú wa ní "Osogbo", bẹ́ẹ̀ "Oshogbo" ni àwọn òyìnbó amúnisìn máa ń kọ. Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀. Òyìnbó wo ló wà níbẹ̀ tó yà á? Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ló kojú ti Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840. Henry Townsend, oníwàásù, kò dé Abẹ́òkúta títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1843, bẹ́ẹ̀ ni 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó. Ìtàn tí mo mọ̀ bí ẹní mowó ni, àmọ́ oríkì ni mo rà, n kò ra máàpù.

Mo gbé e lọ bá ọ̀rẹ́ mi atẹ̀wé. Ó tú férémù, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ihò kòkòrò mẹ́rin ló wà lára bébà náà, ó ní kí n fi abẹ́rẹ́ gún un. Abẹ́rẹ́ kò wọlé. Àwòrán ihò ni! Wọ́n ti ya fọ́tò máàpù àtijọ́ kan pẹ̀lú ihò, pẹ̀lú àbàwọ́n, pẹ̀lú ojú ìṣẹ́po àárín rẹ̀, wọ́n fi kọ̀ǹpútà pààrọ̀ àkọlé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n wá rì í sínú tíì kó lè pọ́n. Ní ìlú aró, ẹnìkan fi Lípítìnì pa bébà láró, ó sì rí mi tà á fún.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ojúlówó rẹ̀ yẹ kí ẹ mọ̀. Oníṣẹ́ á fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín ìlà sójú àwo bàbà, bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe ń fín igbá, àfi pé òdìkejì ló máa kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Á fi yíǹkì kún ojú fínfín náà, á nu ìyókù kúrò, á tẹ́ bébà tó ti fi omi rin lé e, á sì kì í bọ ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi. Nítorí náà yíǹkì máa ń ga díẹ̀ lórí bébà, ìka tó bá rọra kàn án á mọ̀. Etí àwo bàbà náà á sì tẹ bébà wọlé yí àwòrán ká, bí ìdí ìkòkò ṣe ń ṣe lórí ilẹ̀ tútù. Tèmi yọ̀ bí kàlẹ́ńdà. Nígbà tí a fi awò kékeré táwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò wò ó, àmì tó-tò-tó aláwọ̀ mẹ́rin, irú èyí tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òde òní ń ṣe, ló kún ibi tó yẹ kí ìlà wà.

Ẹ má fi èyí bú gbogbo máàpù tí kò ní ojú àwo bàbà o. Púpọ̀ nínú máàpù ogun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òkúta ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe bàbà, ojúlówó náà sì ni. Ẹni tó bá ń pariwo bàbà, bàbà, lórí máàpù ogun Bìní ti 1897, ẹ fura sí i. Ẹ tún yá iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò, kí ẹ tan án sí bébà náà nínú òkùnkùn. Tó bá tàn bí aṣọ funfun tuntun, bébà òde òní ni. Tí kò bá tàn, ẹ má tíì yọ̀, tíì lè bò ó mọ́lẹ̀.

Ó tún ń gbé òmíràn kiri, máàpù Áfíríkà tí wọ́n kọ 1720 sí, tí Òkè Kong sì nà gbọọrọ nínú rẹ̀. Òkè yẹn ò sí láyé rí. James Rennell, ayàmáàpù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi sínú máàpù ní 1798, àwọn yòókù sì ń dà á kọ títí Binger, arìnrìn-àjò ọmọ Faransé, fi dé ilẹ̀ náà ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ tí kò bá òkè kankan. Ta ló rí i ní 1720?

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti ta ẹ̀dà. Ká ní ó sọ pé ẹ̀dà ni, ₦5,000, mo lè rà á. Ṣùgbọ́n ẹ má sanwó fún nǹkan tó wà nínú férémù tí wọn ò jẹ́ kí ẹ tú. Ẹ ní kó kọ ọdún rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ "ojúlówó" sínú rìsíìtì, kó buwọ́ lù ú. Èmi ò bèèrè rìsíìtì rárá. Ẹni tó bá sì ń lọ sí Ìbàdàn, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba wà nínú ọgbà Yunifásítì níbẹ̀. Ẹ lọ fojú rí bí bébà àtijọ́ ṣe ń rí ná.

Mo pè é. Ó ní, "Bàbá, àwọn òyìnbó náà máa ń ṣi ọdún kọ." Lẹ́yìn ìyẹn ló dí mi pa lórí WhatsApp.

Láàárọ̀ òní, ẹnìkan ní Ìgbọ́nà sọ fún mi pé ó ti ní máàpù ogun Jálumi, 1878, lọ́wọ́ báyìí, pé bàbà ni, pé òyìnbó kan ń bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ Jímọ̀.