Ìwé Ìtàn Ọkọ̀ Ní Kò Sí Ìjàmbá, Abẹ́ Kápẹ́ẹ̀tì Ní Irọ́ Ni

Omi ló tú àṣírí náà. Òjò rọ̀ mọ́jú, mo sì ṣí búùtù ọkọ̀ tí mo rà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú kí n lè kó ẹrù sí i, ni mo bá rí i pé kápẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ti rin gbingbin. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì náà kúrò, mo gbé táyà ẹ̀sítírà jáde kí n lè gbọ́n omi, ohun tí mo bá nísàlẹ̀ sì ju omi lọ. Irin tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ ti rí wọ́gọwọ̀gọ bíi páànù tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n sì tún fi òòlù nà, ojú ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin hàn gbangba, bẹ́ẹ̀ ni àtè tí wọ́n fi ń dí ojú ìsopọ̀, èyí tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ máa ń fà gbọọrọ bí okùn, ẹnì kan ló fi ọwọ́ lásán pa á mọ́ ibẹ̀. Ojú ìka mẹ́rin ló wà lára àtè náà, ó ti gbẹ, ó ti le koránkorán. Mo gbé ìka tèmi lé e, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ìwé ìtàn ọkọ̀ náà, èyí tí ilé iṣẹ́ kan ń tà láti fi sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ àlòkù, wà nínú fóònù mi. Àmì ńlá aláwọ̀ ewé kan wà lókè rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ àmì náà pé kò sí ìjàmbá kankan nínú àkọsílẹ̀. Kí n tó san owó ọkọ̀ ni mo ti san owó ìwé, ìwé yìí gan-an ni mo sì fi pa mẹkáníìkì mi lẹ́nu mọ́ nígbà tó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun wọ abẹ́ ọkọ̀ náà wò kí n tó rà á. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà, ìwé ti sọ̀rọ̀.” Títí di òní, kò tíì fi ọ̀rọ̀ náà bú mi, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù.

Ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ àlòkù rí mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ: a ó tẹ nọ́ńbà ṣásí, ìwé á sì jáde. N kò ní fi ìyẹn dá ẹnikẹ́ni dúró. Ohun tó mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí ni ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ta ìwé náà fún mi.

Àwòrán mẹ́sàn-án ni mo so mọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́, títí kan ti ojú ìka wọ̀nyẹn. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí èsì fi dé, ẹ̀rọ ló sì kọ ọ́, torí ó bẹ̀rẹ̀ nípa kíkí mi kú orí ire ọkọ̀ tuntun. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gbẹ́ni kan kọ̀wé pé kí n fi nọ́ńbà ṣásí ránṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà lórí ìlà kejì lẹ́tà mi. Mo tún un tẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ó dáhùn pé nọ́ńbà tí mo fi ránṣẹ́ kò lè jẹ́ ti ọkọ̀ kankan, nítorí pé lẹ́tà O wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú òǹkà àti lẹ́tà 17 tó wà nínú nọ́ńbà ṣásí, wọn kì í lo lẹ́tà I, O tàbí Q, kí ojú má bàa ṣì wọ́n mú fún òǹkà. Òun ló jàre. Òdo ni mo fẹ́ tẹ̀. N kò rántí ìgbà tí ẹni tí mo ń bá jà jàre mi lọ́nà tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo ti ṣàtúnṣe, ìpínrọ̀ kan náà ni ọ̀gbẹ́ni yìí fi dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta, láìyí àmì kankan padà: ìwé àwọn kò ṣèlérí pé ọkọ̀ kò ní ìjàmbá rí, ohun tí wọ́n fi tó àwọn létí nìkan ni àwọn kọ. Ní ìgbà kẹta, mo kọ̀wé padà pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dá owó mi padà, kí wọ́n sì gbé àmì aláwọ̀ ewé náà kúrò lójú ayé.

Èyí ló mú kí arábìnrin kan pè mí lórí fóònù. Kò kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwé náà wà níwájú yín? Ẹ ṣí ojú ìwé kejì.” N kò tíì ka ojú ìwé kejì rí. Ó ní kí n ka ìlà oṣù kẹta sókè: wọ́n ṣe àyẹ̀wò ọkọ̀ náà, aago máìlì rẹ̀ sì wà ní 61,204. Ó ní kí n ka ìlà tó tẹ̀ lé e: oṣù kẹwàá ni, wọ́n tà á ní gbàǹjo, aago máìlì sì wà ní 61,230. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, “Ọkọ̀ tó ti ń rin nǹkan bí ẹgbẹ̀rún máìlì lóṣù, níbo ló wà fún oṣù méje tó fi jẹ́ pé máìlì 26 péré ló rìn?” Mo dákẹ́. Mo mọ ibi tó wà. Iwájú ẹni tó fi ìka pa àtè ló wà.

Láti ìgbà náà ni inú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, nítorí pé arábìnrin yìí ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún mi bí ẹni tí kò ní ohun tí ó ń fi pamọ́. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, àwọn adójútòfò, àwọn ọlọ́pàá láwọn ibì kan, ọjà gbàǹjo, àti àwọn ibi àtúnṣe tó bá gbà láti fi àkọsílẹ̀ wọn ránṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ti ń wá. Bí ẹnì kan bá fi ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ gbá òpó, tí kò pe ọlọ́pàá, tí kò sọ fún adójútòfò, tó sì ka owó lé alátùn-únṣe lọ́wọ́, kò sí ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fi kún un pé ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí òfin ọdún 1992 ti bí àkójọ àkọsílẹ̀ ìwé ìní ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní NMVTIS, àwọn adójútòfò àti àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà gbọ́dọ̀ jábọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n bá ti kà sí òfò pátápátá, ṣùgbọ́n ìtàn àtúnṣe kò sí níbẹ̀. Ọkọ̀ tó fara pa gan-an àmọ́ tí wọ́n tún ṣe láìkà á sí òfò lè gba ibẹ̀ kọjá láìsí ẹni tí yóò rí i.

Mo wá bi í pé, “Bí ẹ̀yin bá lè rí i lójú ìwé láàárín ìṣẹ́jú méjì, kí ló dé tí àmì aláwọ̀ ewé fi wà lórí rẹ̀?” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Mo ti bi wọ́n bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀gá.”

Wọn kò dá owó padà. Àdéhùn wọn kò kọjá ọkọ̀ tí ìjọba ti fi àmì ìbàjẹ́ sára ìwé ìní rẹ̀ tí àwọn kò sì rí i. Ìwé mẹ́ta ọ̀fẹ́ ni arábìnrin náà fi sí orúkọ mi, mo sì rò pé n kò ní lò wọ́n láé. Àfi ìgbà tí àbúrò mi obìnrin náà fẹ́ ra ọkọ̀. Èyí tó kọ́kọ́ rí ń dán gbinrin, ẹni tó ń tà á sì búra pé kò sí àbùkù lára rẹ̀. Ojú ìwé kejì ni mo kọ́kọ́ ṣí lọ́tẹ̀ yìí: ìpínlẹ̀ kan ti kọ ọ́ sára ìwé ìní ọkọ̀ náà pé omi ti bò ó rí, ìpínlẹ̀ tí wọ́n gbé e lọ lẹ́yìn náà sì fún un ní ìwé tuntun tó mọ́ tónítóní. A fi èyí han ẹni tó ń tà á, kò sì gbé ìpè wa mọ́. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà.

Èyí tí àbúrò mi rà níkẹyìn ní àmì pupa lórí: ìjàmbá kan, èyí tó kéré. Ìwé náà kò sọ ẹ̀gbẹ́ tó ti fara pa, kò sì sọ bó ṣe kéré tó, èyí tí mo kà sí àìbìkítà gbáà. Bọ̀dá mẹkáníìkì ló wọ abẹ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mo sì fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn nínípọn ọ̀dà tọ gbogbo ara rẹ̀ káàkiri. Bọ́ńpà oníike ni ẹ̀rọ náà kò lè wọ̀n, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti pààrọ̀. Ní gbogbo ara tó kù, ó wà láàárín máíkírọ́ọ̀nù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) 110 sí 140, bí ọ̀dà tó wá láti ilé iṣẹ́ ṣe máa ń rí. Lára ọkọ̀ tèmi, tí ìwé rẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ náà ka ohun tó lé ní 600 lápá ẹ̀yìn.

Ní oṣù tó kọjá, mo tún kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n fi àwòrán mi kún ìtàn ọkọ̀ náà, ó kéré tán kí ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ mi lè mọ̀. Wọ́n dáhùn pé àwọn kì í gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀. Mo fi ìwé ọ̀fẹ́ tó kù wò ó láàárọ̀ yìí, àmì aláwọ̀ ewé náà ṣì wà níbẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ ti arábìnrin tó pè mí.