Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì lórí ìwà eléré ìdárayá: ọjọ́ kejì ló gba owó mi là

Àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 15 ni mo ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù ní Òṣogbo níbí. Torí wọn ni mo ṣe san náírà 15,000 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan nítòsí Òkè-Fìà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná.

Ọjọ́ kìíní kò dáa. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n pè wá, aago mọ́kànlá la bẹ̀rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì kú lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá pín ìwé ìbéèrè tá a ó fi dán àwọn ọmọ wò, èdè Òyìnbó látòkè délẹ̀. Ẹ̀kọ́ Hans Eysenck ni wọ́n gbé e lé, ọmọ Jámánì tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Lọ́ńdọ̀nù: pé àbímọ́ni ni ọ̀pọ̀ ìwà, pé ọpọlọ ẹni tó máa ń dá wà ti jí kalẹ̀ tẹ́lẹ̀, ariwo tètè máa ń sú u, nígbà tí ti ẹni tó fẹ́ràn àwùjọ ṣì ń wá ohun tí yóò ta á jí. Ìyẹn yé mi, ó tiẹ̀ dùn mọ́ mi. Àfi bí olùkọ́ ṣe ní ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá fi hàn pé kì í sọ̀rọ̀, ká má fi ṣe aṣọ́lé.

Inú bí mi. Aṣọ́lé tèmi, ẹ lè jọ wọ mọ́tò láti Old Garage dé Ìkìrun, kó má sọ ju "ẹ kú iṣẹ́, sà" lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọ ìbọ̀wọ́ tán, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá òpó lẹ́ẹ̀mẹta, ó di "Nọ́ńbà 5, wẹ̀yìn! Ṣé ò ń sùn ni?" Ẹlẹ́pà tó wà létí pápá á gbọ́. Mo sọ fún olùkọ́, ó ní máàkì ni kí n wò.

Obìnrin ló kọ́ wa lọ́jọ́ kejì. Ó kọ ìlà kan ṣoṣo sójú bọ́ọ̀dù, ti Kurt Lewin, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá mìíràn, ní 1936: B = f(P, E). Ìṣe ẹni (B), òun fúnra rẹ̀ (P) àti ibi tó wà (E) ló jọ ń bí i. Ó fi ti Hollander, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá bíi tiwọn, kún un, pé ìpele mẹ́ta ni ìwà ẹni ní: inú lọ́hùn-ún tí kì í tètè yí, bá a ṣe sábà máa ń ṣe, àti ìṣe tí ipò bá gbé kọ́ wa lọ́rùn, èyí tó rọrùn jù láti yí. Kíá, ọkàn mi lọ sí ìbọ̀wọ́ ọmọ yẹn.

Ti Bandura, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá kan náà, pé àwòkọ́ṣe lọmọ ń ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n fún un. Bẹ́ẹ̀ àwa kóòṣì tá à ń bú rẹfirí lójú ọmọ ló yẹ ká gbọ́ ọ jù.

Mo fún wọn ní 3 nínú 5. Ìwé ìbéèrè yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń kọ orúkọ àwọn tó bá pẹ́ dé pápá sí.